Ẹfolúṣọ̀n àti òtítọ́ nípa rere àti búburú: ìbéèrè àti ìdáhùn

Tí ọ̀rọ̀ ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn àlàyé pé ẹ̀dá oníyè ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, bá délẹ̀ láàárín wa, kì í pẹ́ tí àríyànjiyàn fi ń kúrò lórí egungun inú òkúta bọ́ sórí ìwà. Ẹnìkan á ní, “Bó bá jẹ́ pé ara ẹranko la ti ṣẹ̀, kí ló dé tí a ò fi gbọdọ̀ hùwà ẹranko?” Ẹlòmíì á fèsì pé sáyẹ́ǹsì ti rí ìwà rere nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn, kò tún sí ohun tí à ń jà lé lórí mọ́. Ìkánjú ló ń ṣe àwọn méjèèjì.

Kí ni ìbéèrè náà gan-an?

Méjì ni, wọ́n sì máa ń lọ́ mọ́ra wọn. Àkọ́kọ́: ibo ni ọmọ ènìyàn ti rí ẹ̀rí ọkàn tó ń bá a wí? Èkejì: ṣé ohun kan wà tó burú lóòótọ́, bí gbogbo ayé tilẹ̀ fọwọ́ sí i? Ká ní ìlú kan pé jọ, ọba, ìjòyè àti mẹ̀kúnnù, wọ́n ní kò sí aburú nínú kí èèyàn ta ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó bá ní “ó burú síbẹ̀, ìlú náà ló ṣìnà” gbà pé òtítọ́ wà nípa rere àti búburú, òtítọ́ tí kò dúró de ìbò ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní “ó dára ní ìlú tiwọn” kò gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá oníyè lè dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́, wọ́n sì ti ṣe gudugudu méje nídìí rẹ̀. Èkejì kì í ṣe iṣẹ́ tiwọn nìkan. Ohun tí à ń wá níbí ni bóyá ìdáhùn sí àkọ́kọ́ lè ba èkejì jẹ́, tàbí kó gbè é.

Àṣàyàn àdánidá kì í ṣe ìjà àjàkú akátá ni? Báwo ni inú rere ṣe ti ibẹ̀ jáde?

Ohun tí Charles Darwin, onímọ̀ ẹ̀dá oníyè ará Gẹ̀ẹ́sì, pè ní àṣàyàn àdánidá ní 1859 kò ju èyí lọ: ẹ̀dá máa ń yàtọ̀ síra díẹ̀díẹ̀, àwọn tí àbùdá wọn bá sì ràn lọ́wọ́ láti yè kí wọ́n bímọ ni àbùdá wọn ń pọ̀ sí i lára ìran tó ń bọ̀. Kò sí ibi tó ti sọ pé ìkà nìkan ló ń yè.

Ẹ wo ti ẹbí ná. Ní 1964, William Hamilton, onímọ̀ ẹ̀dá oníyè, fi ìṣirò hàn pé àbùdá tó ń mú ẹ̀dá ran ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́ lè tàn ká, kódà bó bá ń pa olóore náà lára, nítorí pé jíìnì (ohun inú ara tó ń gbé àbùdá láti òbí dé ọmọ) kan náà lè wà lára ẹni tó ń ràn lọ́wọ́. Ọmọ ìyá àti bàbá kan náà ń pín nǹkan bí ìdajì jíìnì wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ń pín nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Bí ìbátan bá ṣe súnmọ́ra tó ni ìrànlọ́wọ́ ṣe máa ń yá tó.

Ti ẹni tí kì í ṣe ẹbí ńkọ́? Robert Trivers, onímọ̀ ẹ̀dá oníyè mìíràn, dáhùn ní 1971: bí ẹ bá ṣe mí lóore lónìí, tí èmi náà ṣe yín lóore lọ́la, àwa méjèèjì la jèrè, bí a bá ṣáà lè dá ẹni tí kì í san oore mọ̀. Gerald Wilkinson rí i lára àdán tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ní Costa Rica, ó sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 1984. Àdán tí kò bá rí ẹ̀jẹ̀ mu fún òru méjì sí mẹ́ta lè kú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti yó a máa bì lára tiwọn sí i lẹ́nu, pàápàá àwọn tí wọ́n ti jọ ń sùn síbì kan náà tipẹ́. Àwọn baba wa tó ń ṣe àáró mọ ọgbọ́n yìí láìka ìwé Trivers: lónìí a kọ ebè nínú oko tèmi, ní ọ̀tunla ó kan oko tìrẹ, ẹni tó bá sì jẹ àáró tí kò san, òun nìkan ni yóò kọ ebè rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí Robert Axelrod pe àwọn onímọ̀ sí ìdíje kọ̀ǹpútà lórí irú àjọṣe bẹ́ẹ̀, ètò tó kúrú jùlọ, èyí tí Anatol Rapoport fi ránṣẹ́, ló borí: fi oore bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà máa ṣe ohun tí ẹnìkejì ṣe sí ọ kẹ́yìn.

Láti inú irú nǹkan báwọ̀nyí ni ìyọ́nú, ìmoore, ìtìjú àti ìbínú sí arẹ́nijẹ ti lè hù. Mo gbà pé ìtàn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ṣé ẹranko àti ọmọ ọwọ́ mọ rere àti búburú?

A máa ń sọ ju ohun tí a rí lọ níbí. Ní 2003, Sarah Brosnan àti Frans de Waal tẹ ìwádìí jáde nípa irú ọ̀bọ kan tí wọ́n ń pè ní capuchin. Ọ̀bọ tó ti ń fi tayọ̀tayọ̀ gba kùkúḿbà máa ń kọ̀ ọ́ bó bá rí i pé wọ́n fún ẹnìkejì ní èso àjàrà fún iṣẹ́ kan náà. Ó dùn ún wò, íntánẹ́ẹ̀tì sì kún fún fídíò rẹ̀. Àmọ́ inú tó ń bí mi nítorí pé wọ́n rẹ́ mi jẹ kò tíì di ìdájọ́ òdodo. Ó di ìdájọ́ òdodo bó bá jẹ́ pé èmi tí wọ́n fún ní àjàrà ni mo kọ̀ ọ́ nítorí ẹnìkejì mi.

Ti ọmọ ọwọ́ náà ń fẹ́ sùúrù. Ìwádìí kan ní 2007 sọ pé ọmọ oṣù mẹ́fà àti mẹ́wàá fẹ́ràn ère onígi tó ran ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ gun òkè ju èyí tó tì í sẹ́yìn lọ. Nígbà tí ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí para pọ̀ tún un ṣe láìpẹ́ yìí, wọn ò rí ìyàtọ̀ náà. Ẹ má gbé ìjiyàn tó wúwo tó báyìí lé ọmọ ọwọ́ lórí.

Kí ni Darwin fúnra rẹ̀ sọ?

Òun gan-an ló dá wàhálà náà sílẹ̀. Nínú ìwé tó kọ ní 1871 lórí bí ènìyàn ṣe ṣẹ̀, ó ní ẹranko èyíkéyìí tó bá ní ìfẹ́ àjọgbé, tí ọpọlọ rẹ̀ sì gbòòrò tó ti ènìyàn, kò lè ṣàì ní ẹ̀rí ọkàn. Ìyẹn dùn létí. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó ní ẹ̀rí ọkàn náà lè má jọ tiwa rárá. Bó bá jẹ́ pé bí oyin ṣe ń gbé ni a tọ́ ènìyàn, àwọn obìnrin tí kò lọ́kọ á kà á sí iṣẹ́ mímọ́ láti pa àwọn arákùnrin wọn, ìyá á máa wá ọ̀nà àtipa ọmọbìnrin rẹ̀ tó lè bímọ, kò sì ní sí ẹni tó máa rò ó pé kí òun dá sí i.

Ẹ ro ti obìnrin yẹn wò. Kò ní máa fi ohun tó ń ṣe pamọ́. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á tún máa bá àbúrò rẹ̀ tó kọ̀ láti ṣe é wí pé kò lójútì. Gbogbo ohun tí à ń pè ní ẹ̀rí ọkàn ló pé sí i lára. Ohun tó ń tì í ṣe nìkan ló yàtọ̀. Ta ló wá sọ fún wa pé àwa la ríran, tí kì í ṣe òun? Frances Power Cobbe, òǹkọ̀wé tó mọ Darwin, figbe ta lọ́dún náà pé bí ènìyàn bá gba èyí gbọ́, ìwà rere ti parí nìyẹn. Mi ò rò pé ó parí, àmọ́ mo mọ ìdí tí ẹ̀rù fi bà á.

Báwo wá ni ẹfolúṣọ̀n ṣe lè ba òtítọ́ ìwà jẹ́?

Àlàyé tó mú jùlọ wá láti ọwọ́ Sharon Street, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Amẹ́ríkà, ní 2006. Ó gbé ọ̀nà méjì síwájú ẹni tó gbà pé òtítọ́ ìwà wà láìdúró de èrò wa, ó sì ní kò sí èyí tó máa gbà á nínú méjèèjì. Kí onítọ̀hún sọ pé òtítọ́ náà àti ẹfolúṣọ̀n kò ní nǹkan ṣe pọ̀: a jẹ́ pé ní gbogbo àsìkò tí ẹfolúṣọ̀n fi ń mọ èrò wa, kò sí ohun tó ń darí rẹ̀ sọ́nà òtítọ́, bí a bá wá bọ́ sí i, oríire lásán ni. Tàbí kó sọ pé àwọn baba ńlá wa yè nítorí pé wọ́n rí òtítọ́ náà: Street ní sáyẹ́ǹsì kò gbe èyí. Ìyá tó gbà pé ó yẹ kí òun tọ́jú ọmọ òun, ọmọ tirẹ̀ ló máa dàgbà ju ti ìyá tí kò bìkítà lọ. Àlàyé ti tán. Kò sí ibi tí a ti nílò láti fi kún un pé “ó sì jẹ́ òtítọ́ pé ó yẹ.”

Lọ́dún yẹn kan náà, Richard Joyce, onímọ̀ ọgbọ́n orí mìíràn, gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ jẹ́ ká ní hóró oògùn kan wà tí ẹni tó bá gbé e mì á máa gbàgbọ́ pé Napoleon pàdánù ogun Waterloo. Ẹ ti gbà bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ẹ wá gbọ́ pé wọ́n fi hóró yẹn sínú oúnjẹ yín nígbà kan. Ìgbàgbọ́ yín kò torí ìyẹn di irọ́. Napoleon kúkú pàdánù lóòótọ́, ní 1815. Ohun tó bàjẹ́ ni ẹ̀tọ́ tí ẹ ní láti máa fọwọ́ sọ̀yà, títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí mìíràn. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà fò, tí wọ́n á ní sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé kò sí rere, kò sí búburú. Kò sí sáyẹ́ǹsì kankan tó fi bẹ́ẹ̀ hàn. Bí Joyce bá jàre, ìdánilójú wa ló gbà lọ.

Ojú wa náà, ẹfolúṣọ̀n ló ṣe é. Ṣé a wá ní kò sí igi ni?

Ìbéèrè tó dára nìyí. Ìdáhùn àwọn tó wà lẹ́yìn Street ni pé ọ̀rọ̀ ojú yàtọ̀: ẹni tí kò rí ẹkùn nígbà tí ẹkùn wà níwájú rẹ̀ ti di oúnjẹ. Bí a bá fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí ojú fi wúlò, dandan ni ká dárúkọ ẹkùn. Bí a bá sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí ìfẹ́ ọmọ fi wúlò, ọmọ la máa dárúkọ, kì í ṣe òtítọ́ ìwà kankan.

Mo gbà pé ìyàtọ̀ náà wà. Síbẹ̀, ẹ wo ìṣirò. Ọpọlọ tó lè mọ̀ pé ẹkùn méjì wọ inú ihò, ọ̀kan péré ló jáde, tó fún ẹni tó ń sá fún ẹkùn. Láti orí ìyẹn ni ọmọ ènìyàn ti ronú dé ibi tí kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti bímọ: ó ti tó nǹkan bí 2,300 ọdún tí Euclid ti fi hàn pé àwọn nọ́ńbà tí kò ṣeé pín àyàfi fún 1 àti fún ara wọn kò lópin. A fún wa ní làákàyè fún iṣẹ́ kan, ó sì rìn kọjá iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ní kò lè ṣe irú rẹ̀ nídìí ìwà ní láti sọ ohun tó dí i lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹfolúṣọ̀n ti mú wa ṣìnà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọ̀nà wà. Bí ó bá sì ní kí á da gbogbo ohun tí a rò pé a mọ̀ nípa rere nù kí ìjiyàn tó bẹ̀rẹ̀, kí ni òun náà fi ń wọn bí a ṣe jìnnà tó?

Kí ni wọ́n fi dá Street lóhùn?

Àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí méjì, David Enoch àti Erik Wielenberg, kálukú lọ́tọ̀ ní 2010, wá ohun kẹta tó lè so ẹfolúṣọ̀n àti òtítọ́ pọ̀. Ti Enoch lọ báyìí: ká ní ìyè dára, ní gbogbogbòò. Ẹfolúṣọ̀n ń tì wá síbi ohun tó ń dá ẹ̀mí sí. Bí dídá ẹ̀mí sí bá dára lóòótọ́, kò yẹ kó yani lẹ́nu pé èrò wa àti òtítọ́ ń pàdé. Àwọn alátakò ní ohun tí à ń wádìí ló fi ṣe ẹlẹ́rìí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ojú òun ríran, ojú náà ló máa fi wò ó. Mo rò pé Enoch gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú, kò gbà wá lọ́wọ́ iyèméjì.

Ẹ má sì rò pé Street ní kò sí rere kò sí búburú. Èrò tirẹ̀ ni pé inú ohun tí àwa ẹ̀dá kà sí iyebíye ni wọ́n ti jáde, kò sí orísun mìíràn lóde.

Ṣé gbogbo èrò wa nípa ìwà ni iyèméjì yìí kàn bákan náà?

Rárá, ibi tó sì ṣe pàtàkì jùlọ lójú tèmi nìyí.

Ní 1821, ogun kó Òṣoogùn. Ọmọdé kan tó ń jẹ́ Àjàyí wà lára àwọn tí wọ́n dè lókùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí létíkun. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ní 1864 sì ni Samuel Àjàyí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó kó o, tó tà á, tó rà á, wọn kì í ṣe ẹranko. Èdè tí òun náà ń sọ ni àwọn kan nínú wọn ń sọ. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ wọn, wọ́n ń san gbèsè, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn: pé ọmọ ìlú kejì, ọmọ ni.

Ẹ wá fi ẹfolúṣọ̀n wò ó. Ìfẹ́ ọmọ tèmi, ìṣòótọ́ sí ìlú tèmi, fífi ojú ẹrù wo ọmọ ẹlòmíì, kò sí èyí tí Hamilton àti Trivers kò lè ṣàlàyé kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tó ṣòro ni ìwà àwọn tó dojú kọ òwò náà. Láàárín 1791 sí 1792, ọ̀pọ̀ ìdílé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ṣúgà West Indies nítorí àwọn ẹrú tí wọn kò rí rí, tí kò sì ní í san oore náà fún wọn láéláé. Mi ò sọ èyí láti yin ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ọkọ̀ tiwọn náà fi odindi ọ̀rúndún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó ẹrú kí òfin 1807 tó dí wọn lọ́wọ́. Àwọn tó kọ ṣúgà ni mò ń sọ. Kò sí ẹbí níbẹ̀, kò sí àáró níbẹ̀. Ìrònú ló wà níbẹ̀: bí ìyà bá dun èmi, tó dun ọmọ mi, kí ló wà lára ọmọ yẹn tí kò ní jẹ́ kó dùn ún?

Àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí Katarzyna de Lazari-Radek àti Peter Singer jiyàn irú èyí ní 2012: èrò pé ire ẹnìkan kò wúwo ju ti ẹlòmíì lọ jẹ́ èrò tí ó ṣòro láti ní ẹfolúṣọ̀n ló gbìn ín sí wa, nítorí ẹni tó bá ń tẹ̀ lé e gírígírí ń pàdánù níwájú ẹni tó ń ṣe tara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè ta kò ó pé orúkọ rere, ìtara ẹ̀sìn àti ẹgbẹ́ kíkó wà lára ohun tó gbé àwọn èèyàn náà dìde. Mo gbà á lápá kan. Ṣùgbọ́n bí hóró oògùn Joyce bá wà, èrò tó ti ṣiṣẹ́ lé lórí jùlọ ni èyí tó ń sọ pé “tiwa ṣáájú, tiwọn lẹ́yìn”: nígbà ìdìbò, nígbà tí a bá ń gba òṣìṣẹ́, nígbà tí a bá jókòó tí à ń sọ̀rọ̀ ẹ̀yà kejì. Ibẹ̀ ni kí a ti kọ́kọ́ máa ṣiyèméjì.

Ìyẹn kò wá ní ó burú kí ẹ fẹ́ràn ọmọ yín ju ti aládùúgbò lọ. Mímọ ibi tí èrò kan ti wá kì í sọ ọ́ di irọ́.

Ìlú yòówù ká dé, wọ́n mọyì ìmoore àti ìgboyà. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí?

Oliver Scott Curry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ nípa 60 àwùjọ wò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2019. Ríran ẹbí lọ́wọ́, sísan oore, ìgboyà, bíbọ̀wọ̀ fún ẹni tó juni lọ, pípín nǹkan bó ṣe tọ́ àti irú wọn: ibi tí wọ́n bá ti mẹ́nu kàn wọ́n, ohun rere ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń pè wọ́n níbi gbogbo. Ó fi hàn pé ìṣòro àjọgbé kan náà ló kojú gbogbo ọmọ ènìyàn. Kò fi ju bẹ́ẹ̀ lọ hàn. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé fohùn ṣọ̀kan lórí ẹrú níní náà fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún.

Ṣé ohun tó bá ti bá àdánidá mu ni ó dára?

Rárá o. David Hume, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Scotland, ti kìlọ̀ ní 1740 pé ẹni tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí kò gbọdọ̀ ṣàdédé bọ́ sórí bó ṣe yẹ kó rí láìsọ bó ṣe débẹ̀. Wọn ò gbọ́. Herbert Spencer sọ ní 1864 pé ẹni tó bá yẹ jùlọ ló ń yè, àwọn kan sì fi gbólóhùn náà dá àìbìkítà sí tálákà láre. Francis Galton, ìbátan Darwin, ń wá bí a ó ṣe máa yan ẹni tó yẹ kó bímọ. Ní 1927, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà gbà pé ìpínlẹ̀ Virginia lè ṣiṣẹ́ abẹ fún obìnrin kan kó má lè bímọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ Thomas Huxley, ẹni tó gbèjà Darwin kíkankíkan jùlọ, ti dúró ní Oxford ní 1893, ó ní fífarawé àdánidá kọ́ ni ìwà rere, bíbá a jà ni.

Èmi gba Ọlọ́run gbọ́. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Ó kàn yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ní ìdáhùn kan tí ẹlòmíì kò ní: bí Ọlọ́run bá wà lẹ́yìn ẹfolúṣọ̀n, pípàdé èrò wa pẹ̀lú òtítọ́ kì í ṣe oríire lásán mọ́. Kò sì pọn dandan kí onígbàgbọ́ bá ẹfolúṣọ̀n jà. Póòpù John Paul Kejì sọ ní 1996 pé ó ti kọjá àbá lásán.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè àtijọ́ kan ń dúró de yín. Ṣé nítorí pé Ọlọ́run pa á láṣẹ ni ohun kan fi dára, àbí nítorí pé ó dára ló fi pa á láṣẹ? Àwọn ará Gíríìsì ti bi í ṣáájú kí a tó bí Jésù. Àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù jà lé e lórí gidigidi: àwọn Mu'tazila ní làákàyè lè fúnra rẹ̀ mọ rere àti búburú, àwọn Ash'ari ní àṣẹ Ọlọ́hun ló ń sọ nǹkan di rere. Ẹni tó bá tẹ̀ lé Mu'tazila ṣì ní láti sọ bí làákàyè tí ẹfolúṣọ̀n mọ ṣe ń rí òtítọ́ náà. Ẹni tó bá tẹ̀ lé Ash'ari bọ́ lọ́wọ́ Street, ó wá kù kó sọ fún wa bóyá rere náà á yí bí àṣẹ bá yí.

Bí kò bá sí òtítọ́ ìwà, ṣé kí kálukú máa ṣe bó ṣe wù ú?

Joyce pàápàá kò sọ bẹ́ẹ̀. Èrò tirẹ̀ ni pé bí ọ̀rọ̀ ìwà kò bá tilẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó lè ṣàǹfààní kí a máa lò ó bí ìtàn tí gbogbo wa jọ fara mọ́, torí ó ń kó wa níjàánu nígbà ìdẹwò. Mi ò rò pé ó máa ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí owó ẹgbẹ́ bá wà lọ́wọ́ akápò, tí ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwòsàn, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀, ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà gbọ́ kò ní dì í lọ́wọ́ mú.

Àwọn mìíràn ní kí á kúkú pa “ó yẹ” àti “kò yẹ” tì, ká máa sọ ohun tí a fẹ́ àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí a bá ṣe é, kó tán síbẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé tí ọmọdé méjì wà.